Èlú: bí ewé tútù ṣe ń di aró

Èlú ni ewéko tí àwọn aláró ilẹ̀ Yorùbá ń já ewé rẹ̀ ṣe aró. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Philenoptera cyanescens. Lonchocarpus cyanescens ni ìwé àtijọ́ pè é, igi kan náà ni. Ìdílé ẹ̀wà ló ti wá, inú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì ni ilé rẹ̀. Ní gbangba, yóò dúró bí igi kúkurú. Bó bá rí igi ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò gùn ún. Òdòdó rẹ̀ ń ṣù jọ lórí ẹ̀ka, àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò, ó sì rí bí òdòdó ẹ̀wà: ewé òdòdó ńlá kan lókè, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, méjì tó pa pọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ fọwọ́ ra ọ̀mùnú ewé rẹ̀ kí ẹ fi sílẹ̀: bó bá ń gbẹ, yóò máa ṣú. Àmì tó dára jù láti fi dá a mọ̀ nìyẹn.

Àwọ̀ aró kò tíì sí nínú ewé tó wà lórí igi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni èròjà kan tí kò ní àwọ̀, tí ṣúgà so mọ́ lára. Nígbà tí a bá gún ewé lódó, oje inú rẹ̀ á já ṣúgà náà kúrò, afẹ́fẹ́ á kan ìyókù, ìyẹn á sì di índígò, aró gan-an. Ìdí nìyí tí a fi ń gún un nígbà tó ṣì tútù. Lẹ́yìn náà ni a ó ṣù ú bí ìkúùkù, a ó sì sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ dénú. Èyí tí kò gbẹ dáadáa á bu.

Ibí yìí ni ìṣòro wà: índígò kì í yòrò nínú omi. Ẹni tó bá rẹ́ èlú sómi lásán tó sì ki aṣọ bọ̀ ọ́, ojú aṣọ nìkan ni yóò kùn, yóò sì ṣí nígbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ìkòkò aró ni láti gba ọ́síjìn kúrò nínú omi, kí índígò lè yí padà fúngbà díẹ̀ sí ohun tó lè yòrò.

Omi eérú la fi ń ṣe é. A ó kó eérú sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, a ó gbé e ka orí òmíràn, a ó máa bu omi sí i kó máa kán sísàlẹ̀. Omi náà gbọ́dọ̀ máa yọ̀ láàárín ìka. A ó rún èlú sínú rẹ̀, a ó dé e, a ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bakitéríà tó wà nínú èlú ló ń ṣe iṣẹ́ yòókù: wọ́n ń jẹ ohun tó kù lára ewé, wọ́n sì ń lo gbogbo ọ́síjìn tó wà nínú omi. Bí aró bá ti ṣetán, fọ́ọ̀mù aláwọ̀ aró á wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n omi abẹ́ rẹ̀ á pọ́n bí ìyeyè, bí ẹni pé ó fẹ́ di àwọ̀ ewé. Bí abẹ́ náà bá ṣì jẹ́ aró pátápátá, kò tíì tó.

Bí omi eérú bá fẹ́lẹ́, aró á kan, á jẹrà. Bó bá le jù, bakitéríà á kú. Òtútù ń fà á sẹ́yìn, nítorí náà lásìkò òjò ó máa ń pẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pípò ìkòkò ṣáá: gbogbo ìgbà tí a bá pò ó gidi, afẹ́fẹ́ la ń dá padà sínú rẹ̀.

Aṣọ á jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé, á sì di aró lójú ẹni bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kàn án. Ẹ jẹ́ kó gba afẹ́fẹ́ tán kí ẹ tó tún kì í bọ̀ ọ́. Ìkìbọ̀ kan kì í fúnni ní dúdú. Ọ̀pọ̀ ìkìbọ̀ ráńpẹ́, pẹ̀lú ìsinmi láàárín, ló ń mú un ṣú, ó sì sàn ju fífi aṣọ sílẹ̀ sínú ìkòkò fún wákàtí pípẹ́.

Índígò oníyẹ̀fun tí BASF, ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1897 jẹ́ èròjà kan náà. Òun náà kì í yòrò lómi. Sódà kọ́sítíìkì àti háídírósọ́lífáìtì, èròjà kẹ́míkà méjì, ló ń ṣe iṣẹ́ tí eérú àti bakitéríà ń ṣe nínú ìkòkò èlú.