Ta Ló Ni Èsì Jẹ́nótáìpù? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Kíkọ́ Sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì

Àbúrò mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ báyọ́lọ́jì ní yunifásítì. Ọ̀gá ẹ̀ka wọn ní kó la kọ́ọ̀sì tuntun kan sílẹ̀, èyí tí yóò so sáyẹ́ǹsì mọ́ àwùjọ àti ohun tó tọ́ láti ṣe. Ọ̀rọ̀ náà rú u lójú, ló bá pè mí lálẹ́, a sì sọ ọ́ títí bátìrì fóònù rẹ̀ fi kú. Mo kọ ọ́ síbí nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń rú lójú.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ṣé mi ò kàn lè fi ọ̀sẹ̀ kan kún un lẹ́yìn, kí n fi ibẹ̀ sọ̀rọ̀ ìwà?

Rárá o. Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ni gbogbo wọn ń wá ìbéèrè ìdánwò ọdún tó kọjá kiri. Ohun tó o bá sọ nígbà náà, etí kan ló máa gbà wọlé, á gba ìkejì jáde. Orí ìjà tí àwọn èèyàn ń jà nílé ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, kí ìjà náà fúnra rẹ̀ wá máa béèrè fún sáyẹ́ǹsì. Láti 2001 ni ètò kan tó ń jẹ́ SENCER ti ń ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ lórí irú èyí ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á mú ọ̀ràn tó kan ìlú, bí HIV, wọ́n á gba inú rẹ̀ wọ ìdí ìmọ̀. Tiwa kò jìnnà. Mú jẹ́nótáìpù: ẹni tó jogún A lọ́dọ̀ òbí méjèèjì ni AA, ẹni tó jogún A kan àti S kan ni AS, ẹni tó jogún S méjì ni SS, òun ló ní àìsàn sickle cell.

Ìbéèrè: Kí ló dé tó jẹ́ jẹ́nótáìpù? Ṣebí wọ́n ti kọ́ ọ ní sẹ́kọ́ńdìrì?

Wọ́n kọ́ ọ, wọn ò mọ̀ ọ́n. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú kíláàsì rẹ tí kò mọ àwọn àfẹ́sọ́nà kan tí ṣọ́ọ̀ṣì ní kí wọ́n lọ ṣàyẹ̀wò, tí èsì dé, tí ìgbéyàwó fọ́. Àwọn tó sọ àìsàn SS náà ní fòníkú-fọ̀ladìde ti fojú rí i: lónìí ọmọ náà ń kú lọ, lọ́la ó ti dìde, ó ń bẹ́gbẹ́ ṣeré.

Wo bí ìmọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ ti pọ̀ tó. Nínú okùn beta ti hẹmoglóbìn, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ọ́síjìn, tó ní ẹ̀yọ amínò ásíìdì 146, ẹ̀yọ kan ṣoṣo ló yàtọ̀: ní ipò kẹfà, valine jókòó síbi tó yẹ kí glutamic acid wà. Nítorí ìyẹn nìkan, bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bá dín, hẹmoglóbìn á máa lẹ̀ mọ́ra wọn, sẹ́ẹ̀lì pupa á tẹ̀ bíi dòjé, á sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ìrora yẹn tibẹ̀ wá. Kẹ́místírì ti wọlé nìyẹn. Tó o bá wá béèrè ìdí tí S fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa, wàá dé ọ̀dọ̀ ibà: ní 1954, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Anthony Allison, fi hàn pé AS ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ibà. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn kò ní pe S ní èpè ìdílé mọ́.

Ìṣirò ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Sọ fún kíláàsì pé bí AS bá fẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni SS. Ẹnì kan á nawọ́: "Ìyẹn ni pé tí wọ́n bá bí mẹ́ta, kí wọ́n dúró." Má bá a jiyàn. Fún wọn ní kọ́ìnì méjì-méjì, ojú kan A, ojú kejì S. Kí wọ́n jùú sókè pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, kí wọ́n pè é ní ọmọ mẹ́rin. Ẹnì kan á rí SS lẹ́ẹ̀kíní àti lẹ́ẹ̀kejì, ariwo á sọ. Ẹlòmíràn ò ní rí kankan. Oyún kì í rántí oyún tó ṣáájú rẹ̀. Nínú 100 irú ilé bẹ́ẹ̀ tó bí mẹ́rin-mẹ́rin, nǹkan bí 32 ni kò ní rí SS rárá, àwọn yẹn ló sì máa ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé "àwa náà fẹ́ra, kò sí nǹkan tó ṣe é."

Ìbéèrè: Sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Ìwà ńkọ́?

Sọ ìtàn Linus Pauling, onímọ̀ kẹ́místírì ará Amẹ́ríkà, fún wọn. Ní 1949, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló fi hàn pé hẹmoglóbìn àwọn tó ní àìsàn yìí yàtọ̀, pé iná mànàmáná kì í gbé e rìn bó ṣe ń gbé ti ẹlòmíràn. Èèyàn ńlá ni, ẹ̀ẹ̀mejì ló gba ẹ̀bùn Nobel, ìkan jẹ́ ti àlàáfíà. Ọkùnrin yìí kan náà kọ ọ́ ní 1968 pé kí wọ́n fín àmì sí iwájú orí gbogbo ọ̀dọ́ tó bá ní jíìnì náà, kí AS má baà fẹ́ AS.

Dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Àwa tá a mọ ilà, a mọ̀ pé ilà ń sọ ọmọ ẹni tó o jẹ́. Èyí á máa sọ ẹni tí o kò gbọdọ̀ fẹ́. Wọn ò fín in, ṣùgbọ́n láàárín 1970 sí 1972, ìpínlẹ̀ bíi mélòó kan ní Amẹ́ríkà ṣe òfin àyẹ̀wò tipátipá. Wọ́n ń pe AS ní aláìsàn, ó sì gba iṣẹ́ àti ìbánigbófò lọ́wọ́ àwọn kan. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1972 ló wá ní kí àyẹ̀wò jẹ́ ti ẹni tó bá fẹ́.

Wá bi wọ́n: kí ló yàtọ̀ láàárín àmì Pauling àti fọ́ọ̀mù tí pásítọ̀ ní kí wọ́n mú wá? Àwọn kan á ní ọmọ tí yóò jìyà ni pásítọ̀ ń rò. Òótọ́ ni. Àwọn kan á ní ta ló fún un ní èsì ẹlẹ́sì. Èmi ní èrò tèmi, mo sì máa ń sọ ọ́, lẹ́yìn tí mo bá ti gba ìwé wọn.

Ìbéèrè: Fún iṣẹ́ láàbù, ṣé kí wọ́n gún ìka ara wọn?

Má dán an wò! Mo ti ṣe é rí, nílé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ọmọbìnrin kan rí AA, ó sì sọ ọ́ sókè pé "àmọ́ SS ni dádì mi." SS ò lè bí AA. Gbogbo kíláàsì ti mọ ìyẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wọn lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ni. Bóyá àyẹ̀wò ló ṣì, bóyá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti yọ orúkọ kúrò lára rẹ̀, tí wọ́n sì gbàṣẹ kí wọ́n tó lò, ni kó o máa lò, nọ́ńbà nìkan lára ìgò. Kí wọ́n fi iná gbé e rìn lórí pépà: A á ṣáájú, S á tẹ̀lé e, C, oríṣi hẹmoglóbìn mìíràn tí à ń jogún, á wà lẹ́yìn pátápátá. AS á fi ìlà méjì hàn. Kí wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò olómi tí àwọn láàbù kéékèèké fẹ́ràn, èyí tó ń dàrú bí S bá wà níbẹ̀. Wọ́n á rí i pé òun nìkan kò lè ya AS sọ́tọ̀ kúrò lára SS dáadáa, pé kò sì rí C rárá, bẹ́ẹ̀ C ò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, SC sì jẹ́ àìsàn. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára náà lè gbé èsì ẹlòmíràn kiri. Nígbà náà ni kó o wá béèrè pé bí èsì tó ṣì bá tú ìgbéyàwó ká, ta ni kó dáhùn.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe fẹ́ máàkì ohun tí kò ní ìdáhùn kan?

Kí wọ́n kọ lẹ́tà sí àfẹ́sọ́nà méjì tí wọ́n jẹ́ AS. Ìṣirò gbọ́dọ̀ pé, ohun tí ẹni tí kò gbà fún wọn máa sọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí àánú bá kún inú lẹ́tà tí ìṣirò rẹ̀ ṣì, máàkì á lọ.

Ìbéèrè: NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì ní Nàìjíríà, ńkọ́? Ṣé wọ́n á gbà?

Ìlànà ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2022, CCMAS, fi ìdá 70 sọ́wọ́ tiwọn, ó fi 30 sílẹ̀ fún yunifásítì. Inú 30 yẹn ni kó o wọ̀.

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé ìwòsàn ti dé.

Casgevy ni wọ́n ń pè é. Bìrìtìkó fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá 2023, Amẹ́ríkà tẹ̀lé e ní oṣù kejìlá. Wọ́n á yọ sẹ́ẹ̀lì láti inú aláìsàn, wọ́n á tún jíìnì ṣe nínú rẹ̀ kí hẹmoglóbìn ti ọmọ inú oyún lè padà máa ṣiṣẹ́, wọ́n á dá a padà sára. Ní Amẹ́ríkà, mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni iye rẹ̀ fún ẹnì kan. Kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ hydroxyurea, oògùn oníhóró tí kì í woni sàn pátápátá ṣùgbọ́n tó ń dín ìrora kù, kí wọ́n wá ṣe kọmíṣọ́nà ètò ìlera fún ọjọ́ kan.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Kí ni tiyín?

Bátìrì rẹ ti ń kú lọ. Lọ fi fóònù síná.