Etí Inú Ọkọ̀: Ìtàn Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Transducer Tí Kì Í Fara Kan Omi

Púpọ̀ nínú àwọn tó ní ọkọ̀ ojú omi oní-fáíbà (ike tí wọ́n fi òwú gíláàsì mú le) ló gbà pé ayé fáíbà ló bí àṣà kí a lẹ transducer, ẹ̀rọ kékeré tó ń rán ìró jáde tó sì ń gbọ́ ọ nígbà tó bá ta padà, mọ́ inú ìdí ọkọ̀, kí ó máa ti ibẹ̀ wọn jíjìn omi láìjẹ́ pé a lu ihò kankan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣà kí a máa ti inú ọkọ̀ gbọ́ ìró inú omi ti wà kí ẹnikẹ́ni tó fi ìró wọn jíjìn omi rárá, inú ọkọ̀ onírin ńlá ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn yìí wúlò fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣàdédé yadi, nítorí ọ̀tá kan náà ni irú transducer yìí ń bá jà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá náà.

Kí ìró tó dé, òjé ni wọ́n ń lò. Atukọ̀ á so òjé mọ́ okùn, á jù ú sómi, á sì fi ìnà apá méjèèjì ka okùn tó bọ́ lọ. Wọ́n máa ń gbẹ́ ihò sí ìdí òjé náà, wọ́n á fi ọ̀rá ẹran dí i, kí yanrìn tàbí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ọn wá sókè. Ẹni tó bá ti ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27 á rántí àwọn atukọ̀ tó gbé Pọ́ọ̀lù: láàárín òru ni wọ́n wọn omi, wọ́n rí ìnà apá 20, wọ́n sún síwájú díẹ̀, ó di 15, wọ́n bá ju ìdákọ̀ró mẹ́rin sómi láti ẹ̀yìn ọkọ̀ kí wọ́n má baà forí sọ àpáta. Òjé kì í parọ́. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń sáré kò lè lò ó, òkun jíjìn sì máa ń gba àkókò gbọọrọ.

Ní ọdún 1826, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Jean-Daniel Colladon àti Charles Sturm, wọn bí ìró ṣe ń yára tó nínú omi adágún Geneva. Ọkọ̀ méjì ni wọ́n lò, wọ́n jìnnà síra wọn ju kìlómítà 13 lọ, alẹ́ sì ni wọ́n yàn. Bí wọ́n bá ti lu agogo tó rì sínú omi lọ́hùn-ún, ẹ̀tù á gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Colladon tó wà ní apá kejì á rí iná náà, á bẹ̀rẹ̀ sí ka àkókò títí ìró agogo yóò fi gba inú páìpù gígùn kan tó tẹ̀ bọ omi wá dé etí rẹ̀. Mítà 1,435 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n rí, ó ju ìlọ́po mẹ́rin ìyára ìró nínú afẹ́fẹ́ lọ. Lórí òǹkà yìí ni gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e dúró lé. Lóde òní, nǹkan bí 1,500 ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fi ń ṣírò: bí omi bá jìn ní mítà 15, ìró á lọ, á sì bọ̀ láàárín ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá.

Ọdún 1901 ni wọ́n dá Submarine Signal Company sílẹ̀ ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Kùrukùru ló ń yọ wọ́n lẹ́nu: iná etíkun kì í hàn nínú rẹ̀, fèrè sì máa ń ṣini lọ́nà. Wọ́n so agogo sábẹ́ àwọn ọkọ̀ atọ́nà tó dúró lójú kan lórí òkun, kí ìró rẹ̀ lè gba inú omi lọ. Ó wá ku bí ọkọ̀ tó ń bọ̀ yóò ṣe gbọ́ ọ. Ohun tí wọ́n ṣe wú mi lórí títí dòní. Wọ́n gbé táǹkì kékeré mọ́ irin ọkọ̀ láti inú, níwájú, lábẹ́ ibi tí omi mọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọ́n rọ omi kún táǹkì náà, wọ́n rì maikirofóònù sínú rẹ̀, wọ́n sì fa wáyà gòkè lọ sí yàrá ìtukọ̀. Ìró agogo á ti inú òkun wọ irin, á ti inú irin wọ omi táǹkì, á sì dé ọ̀dọ̀ maikirofóònù. Ọ̀gá atukọ̀ á gbé tẹlifóònù sétí, á máa yí i láti ọ̀tún sí òsì, ibi tó bá ti dún jù ni agogo wà.

Ìyá transducer inú ọkọ̀ nìyẹn. Omi wà níta, omi wà nínú, ara ọkọ̀ wà láàárín, kò sí afẹ́fẹ́ kankan lójú ọ̀nà. Ohun tó jẹ́ kí èyí ṣe pàtàkì ni pé bí ìró tó wà nínú omi bá kan afẹ́fẹ́, nǹkan bí ìdá kan péré nínú ẹgbẹ̀rún agbára rẹ̀ ló ń kọjá, ìyókù á ta padà. Afẹ́fẹ́ tó fẹ́lẹ́ bíi bébà ti tó láti dí ọ̀nà náà pa.

Titanic pàápàá, ọkọ̀ ńlá tó forí sọ òkè yìnyín, ní irú ẹ̀rọ yìí. Ó lè gbọ́ agogo, ṣùgbọ́n kò sí agogo lára òkè yìnyín. Lẹ́yìn tó rì ní oṣù kẹrin ọdún 1912, àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí wá bí ọkọ̀ yóò ṣe máa pariwo fúnra rẹ̀, kí ó sì gbọ́ ariwo náà nígbà tó bá ta padà. Alexander Behm ní ìlú Kiel, ní Jámánì, ń wá yìnyín. Ó rí i pé ìsàlẹ̀ omi ló ń dá ìró padà dáadáa, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n wíwọn jíjìn omi ní ọjọ́ 22 oṣù keje, ọdún 1913. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin, ọdún 1914, Reginald Fessenden, tó ń bá ilé iṣẹ́ Boston yẹn ṣiṣẹ́, gbé ẹ̀rọ aláriwo rẹ̀ sórí ọkọ̀ Miami ní àríwá òkun Atlantic. Ìró tó ta padà láti ara yìnyín dé, èyí tó ti ìsàlẹ̀ òkun wá náà sì dé. Láàárín 1925 sí 1927, ọkọ̀ Meteor ti Jámánì ti ń fi ìró wọn gúúsù Atlantic láti etí kan dé ìkejì.

Ìró agogo kẹ̀, ìgbì rẹ̀ kan sì gùn ju mítà kan lọ; irin ọkọ̀ kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní ló yí ọ̀rọ̀ padà. Paul Langevin ní Faransé mú ohun tí Pierre àti Jacques Curie ti ṣàwárí ní 1880, pé àwọn òkúta bíi quartz máa ń mú iná mànàmáná jáde tí a bá tẹ̀ wọ́n. Ó fi quartz sáàárín irin méjì, ó fi iná gbọ̀n ọ́n, ìró tó tinrín ju ohun tí etí èèyàn lè gbọ́ sì jáde. Nígbà tó yá, seramíìkì tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí gba ipò quartz. Transducer òde òní sábà máa ń lo kilohertz 50 tàbí 200 (kilohertz kan ni kí ìró gbọ̀n ní ẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ní 200, ìgbì kan kò gùn ju mìlímítà 7.5 lọ, ìyẹn sì súnmọ́ nínípọn ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà inú ọkọ̀ ti wá: ohun tí ìró agogo ń fò kọjá, ìró tuntun ń kọsẹ̀ lára rẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni nǹkan méjì pàdé. Transistor, ẹ̀yà kékeré tó ń darí iná mànàmáná nínú ẹ̀rọ, jẹ́ kí ẹ̀rọ kéré débi tí bátìrì fi lè gbé e, fáíbà sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò pákó nínú ọkọ̀ kéékèèké. Afẹ́fẹ́ há sínú pákó, kì í jẹ́ kí ìró kọjá. Fáíbà tó dì dáadáa ń jẹ́ kó kọjá. Àwọn ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ fi sínú ọkọ̀ kékeré ní àwo kan tó ń yí, pẹ̀lú gílóòbù neon létí rẹ̀. Yóò tan ní òdo bí ìró bá ti jáde, yóò tún tan bí ìró bá ti padà dé. Bí ojú àwo náà bá dúró fún mítà 30, àwo náà ní láti yí ní ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí omi bá wá jìn ní mítà 35, àwo á ti yípo tán, á sì fi 5 hàn. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ti da jìnnìjìnnì bo atukọ̀ púpọ̀.

Afẹ́fẹ́ kan náà ló tún mú oore wá: púpọ̀ nínú ẹja ní àpò afẹ́fẹ́ nínú, ìró sì ń ta padà lára rẹ̀. Òun ló jẹ́ kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Furuno ní Nagasaki, ní Japan, lè gbé ẹ̀rọ awáẹja jáde ní 1948.

Ẹ jẹ́ ká wá wo transducer tó yadi nínú ọkọ̀ yín. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gbé e kalẹ̀. Ìkíní ni táǹkì ilé iṣẹ́ Boston yẹn gan-an, òróró ló sábà wà nínú rẹ̀ báyìí, wọ́n sì gé ìdí rẹ̀ bá bí ara ọkọ̀ ṣe dagun, kí transducer lè kọjú sísàlẹ̀ tààrà. Bí irú èyí bá ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ tó wá dákẹ́, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí. Lọ́pọ̀ ìgbà, òróró ti jò díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ táǹkì, ojú transducer sì ti gbẹ. Bí òróró bá lọ sílẹ̀ díẹ̀ péré, ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ ní èbúté kó sì sọnù bí ọkọ̀ bá ti gbé imú sókè, nítorí afẹ́fẹ́ á sún wá síwájú rẹ̀. Kí ẹ tó rọ òmíràn, ẹ wá ibi tó ń jò.

Ọ̀nà kejì ni kí a fi epoxy, àtè kan tó máa ń le gan-an bó bá gbẹ, lẹ̀ ẹ́. Ihò afẹ́fẹ́ kéékèèké tó há sínú epoxy ló ń bà á jẹ́, tàbí kí ó ṣí kúrò lára ọkọ̀ lẹ́yìn tí ìgbì ti lù ú fún ọdún púpọ̀. Ẹ má fi àtè silicone rírọ̀ ṣe é, ó máa ń gba ìró mọ́ra. Bí kilohertz 200 bá sọnù tí 50 ṣì ń kà, ó ṣeé ṣe kí ìró máa kú sínú ara ọkọ̀.

Bí ó bá ń kà dáadáa nígbà tí ọkọ̀ dúró, tó wá sọnù bí ẹ bá ti sáré, tí òróró sì kún tàbí tí epoxy ṣì lẹ̀ dáadáa, ibòmíràn ni àléébù wà. Omi tó lafẹ́fẹ́ ló ń ṣàn lábẹ́ ibẹ̀, àyè náà ni kò dára. Bí ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì tí ojú ẹ̀rọ wá kún fún ìlà wínniwínni, tó sì mọ́ bí ẹ bá pa á, ẹ wo bóyá wáyà transducer ń bá wáyà ẹ́ńjìnnì rìn pọ̀. Nọ́ńbà tí kò tó mítà kan, tí kì í yí padà níbi yòówù kí ẹ wà, kì í ṣe ti ìsàlẹ̀ omi: ẹ̀rọ ń gbọ́ bí òun fúnra rẹ̀ àti ara ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n ni, ẹ dín agbára ìgbọ́ràn rẹ̀ kù.

Kí ẹ tó lẹ ohunkóhun, ẹ dán àyè wò. Ẹ fi transducer sínú ọ̀rá (àpò náílọ́ọ̀nù) tó kún fún omi, ẹ da omi díẹ̀ sí ìdí ọkọ̀, ẹ gbé ọ̀rá náà lé e, kí ẹ sì ka jíjìn omi. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé transducer náà sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹ tún kà á. Bí méjèèjì bá súnmọ́ra, àyè dára. Bí ti inú kò bá rí nǹkan kan rárá, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé fóòmù tàbí igi balsa wà láàárín awọ fáíbà méjì, afẹ́fẹ́ sì kún inú rẹ̀. Kò sí òróró tàbí epoxy tó lè yanjú ìyẹn. Ẹ ní láti gé awọ inú, kí ẹ gbẹ́ fóòmù kúrò títí kan awọ ìta, kí ẹ dí etí ihò náà kí omi má baà wọ fóòmù tó kù, kí ẹ sì lẹ transducer mọ́ awọ ìta náà gan-an.