Ipasẹ̀ Àrùn: Ìdí Tí Mi Ò Fi Ní Pe Biomarker Ní “Àmì Ìyè”

Biomarker ni Òyìnbó ń pe ohun tí wọ́n lè wọ̀n lára èèyàn, bíi nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀, láti fi mọ ohun tó ń lọ nínú ara. Ẹni tó kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ sí “àmì ìyè” kò fara balẹ̀. Ó gé ọ̀rọ̀ Òyìnbó sí méjì, ó wá Yorùbá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ bi ìyá tó ń ta bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ pé kí ni àmì ìyè. Yóò ní mímí ni, àbí kó ní kẹ́ ẹ lọ wo inú Bíbélì. Kò jẹ̀bi. Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá tiẹ̀ wúlò nílé ìwòsàn, ohun tí nọ́ọ̀sì ń wò lára wa ká tó wọlé bá dókítà ló yẹ: bí ara ṣe gbóná tó, bí ọkàn ṣe ń lù sí, iye ìgbà téèyàn ń mí.

“Àmì àìsàn” tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀rọ̀ yẹn ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Orí fífọ́, èébì, kí òtútù máa muni, àmì àìsàn nìyẹn. Aláìsàn ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ wọ́n. Èyí tí à ń wí yìí, aláìsàn lè má mọ̀ rárá pé ó wà lára òun. Inú ẹ̀jẹ̀, inú ìtọ̀, inú itọ́ ẹnu ni àwọn ará láàbù ti ń wá a. Ní ti “báyómákà”, mi ò bá ẹni tó ń yá ọ̀rọ̀ jà. A yá dókítà, a yá láàbù, ayé ò parẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àyálò tí kò sọ nǹkan kan létí ẹni tó gbọ́ ọ, tó sì tún ṣòroó pè, èrè wo ló wà níbẹ̀?

Ipasẹ̀ lèmi ń pè é. Ipasẹ̀ àrùn, ipasẹ̀ oyún, ipasẹ̀ jẹjẹrẹ: ohun tó bá kọjá lára la ó fi parí rẹ̀.

Àbúrò kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Oǹdó ti bá mi fa ọ̀rọ̀ yìí títí ilẹ̀ fi ṣú. “Atọ́ka” ni tirẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, bí ẹ bá kọ ipasẹ̀, ‘nípasẹ̀’ làwọn èèyàn máa kà.” Mo ní ta ló ń ka “nínú” tó ń rò pé ikùn ni wọ́n ń sọ? “Nípasẹ̀” gan-an, ara ipasẹ̀ la ti gé e, ọ̀rọ̀ kan kì í sì í sọnù torí pé ó bímọ. Èmi náà wá bi í: atọ́ka, ta ló ń tọ́ka? Ẹni tó bá nàka sí nǹkan ti mọ ohun tó ń nàka sí. Purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ ò mọ nǹkan kan. Nǹkan kan kọjá, ó fi í sílẹ̀, ó tán. Ìyàtọ̀ yìí sì ń pa wá lówó, torí ẹni tó bá ti gbà pé ẹ̀jẹ̀ òun “tọ́ka” sí tàífọ́ọ̀dù kò tún ní bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Ilé oògùn ló kù.

Ẹ wo ọdẹ Ìdànrè nínú igbó ní kùtùkùtù. Ó rí ipasẹ̀ ẹtu lórí ilẹ̀ tútù. Kò tíì rí ẹtu, kò sì yìnbọn sí ipasẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan etí rẹ̀. Ṣé eèpẹ̀ yìí ṣì rọ̀, àbí ó ti gbẹ? Ṣé òjò àná ò ti bà á jẹ́? Ṣé ẹtu ni lóòótọ́, àbí ewúrẹ́ abúlé tó já okùn? Ṣé ẹyọ kan ló ṣèèṣì gba ibí, àbí ọ̀nà wọn ojoojúmọ́ ni? Gbogbo ìbéèrè tí dókítà gidi ń bi ìwé èsì àyẹ̀wò nìyẹn.

Purotéènì kan tó ń jẹ́ tropónìn ni ká fi ṣe ipasẹ̀ tuntun. Inú iṣan ọkàn ló ń gbé. Bí iṣan náà bá fara pa, á jò sínú ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Wọ́n sábà máa ń gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń gòkè, torí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàìsàn tipẹ́ lè ní in lára láìjẹ́ pé nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ọkàn rẹ̀.

HbA1c tí wọ́n fi ń wá àtọ̀gbẹ yàtọ̀, ọ̀nà tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ lèyí. Ṣúgà máa ń lẹ̀ mọ́ ohun tó sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa, sẹ́ẹ̀lì pupa sì ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú, nítorí náà oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn ló ń sọ. Ẹni tó bá pa ẹ̀bà tì láti ìjẹta torí kó lè “yege” lè tan àyẹ̀wò ṣúgà àárọ̀. Kò lè tan èyí. Bó bá ti dé ìdá 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n tún un ṣe tó ṣì wà bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ti wọlé. Àmọ́ lára ẹni tó jẹ́ SS, sẹ́ẹ̀lì pupa kì í pẹ́ kú. Ipasẹ̀ á ti pa rẹ́ kó tó jinlẹ̀, èsì á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ìbá dára kí ẹni tó ń béèrè HbA1c nílẹ̀ wa kọ́kọ́ béèrè jẹnotáìpù.

Ibi tó ń dùn mí jù ni ti ipasẹ̀ tó ti gbẹ. Àyẹ̀wò ibà oníke pélébé tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, kì í wá kòkòrò ibà fúnra rẹ̀. Purotéènì kan tí kòkòrò náà ń tú sílẹ̀ ló ń wá, HRP2 lorúkọ rẹ̀, ó sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti pa kòkòrò tán. Ẹ wá gbé ìyẹn wá sí Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ibà Lassa ti ń jà, àgàgà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ ń tọ́jú àwọn tó mú. Ká ní ọkùnrin kan lo oògùn ibà lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó yá. Ara rẹ̀ tún gbóná. Wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ike, ilà méjì yọ. “Ibà ni.” Wọ́n tún oògùn ibà fún un, ó padà sílé sáàárín ìyàwó àtọmọ. Ilà yẹn ò purọ́. Ibà gba ibẹ̀ kọjá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹran tó wà nínú igbó lónìí lè jẹ́ Lassa, tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jọ ti ibà gan-an, àyẹ̀wò PCR tó ń wá fáírọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ ló sì lè fi í hàn.

Àyẹ̀wò tàífọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní Widal náà rèé, láti ọdún 1896. Ohun tí ara rọ láti fi bá kòkòrò tàífọ́ọ̀dù jà ló ń wá. Níbi tí omi ò ti mọ́ tó, ta ni kò tíì bá kòkòrò yẹn tàbí ìbátan rẹ̀ pàdé rí? Síbẹ̀, láti Ìjàpọ̀ dé Ọ̀bà-Ilé, ẹni tó bá ṣáà ti rẹ̀ díẹ̀ ti ní “tàífọ́ọ̀dù 1/160”. Kí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí kòkòrò hù jáde, wọ́n á ní ó ń pẹ́.

Ìpalẹ̀mọ́ náà ń ba ipasẹ̀ jẹ́. Ìgò kékeré olómorí aláwọ̀ eérú tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ ṣúgà sí, oògùn wà nínú rẹ̀ tó ń dá sẹ́ẹ̀lì lẹ́kun kó má baà máa jẹ ṣúgà náà nìṣó. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbà á sí olómorí pupa, tí wọ́n gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí wọ́n ń dúró de iná. Kí iná tó dé, sẹ́ẹ̀lì á ti jẹ lára ṣúgà yẹn, alátọ̀gbẹ á sì máa yọ̀ lọ sílé.

Ti PSA, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ pírọ́sítéètì lára àwọn bàbá wa, ò gba àlàyé púpọ̀: pírọ́sítéètì fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, yálà ara rẹ̀ le tàbí ara rẹ̀ ò le. Bó bá wú lásán, bí kòkòrò bá wọ̀ ọ́, á gòkè. Ewúrẹ́ tó já okùn nìyẹn, tí ẹnì kan á sì fi í pariwo jẹjẹrẹ.

FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àti NIH, àjọ ìwádìí ìlera wọn, ti pín biomarker sí ọ̀nà méje lọ́dún 2016. Mi ò ní kà wọ́n. Aláìsàn ò nílò wọn. Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tí àbúrò mi fi mú mi: lójú tiwọn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ náà wà lára rẹ̀, ìfúnpá kì í sì í ṣe ohun tí nǹkan fi sílẹ̀ kọjá lọ. Mo ní kó máa mú ìfúnpá lọ, kó pè é ní atọ́ka bó bá wù ú, kó ṣáà fi ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ sílẹ̀ fún mi. Ó ní ká gbé ìtọ̀ náà yẹ̀ wò ná.