Kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì ara wa kì í tóbi tó orógbó?

Ìbéèrè: Erin tóbi ju eku lọ fíìfíì. Ṣé sẹ́ẹ̀lì inú ara erin, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tí ara fi dúró, náà ló tóbi ju ti eku lọ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ohun tó máa ń ya àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní báọ́lọ́jì lẹ́nu jù lọ nìyí. Ẹ mú sẹ́ẹ̀lì kan lára ẹ̀dọ̀ erin, ẹ mú òmíràn lára ẹ̀dọ̀ eku, ẹ gbé méjèèjì sábẹ́ máíkírósíkóòpù: wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ. Iye ni erin fi ju eku. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi kọ́ ilé oníyàrá kan náà ni wọ́n fi ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta. Ilé alájà kàn gba púpọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ara èèyàn kò ju màíkírómítà 10 sí 30 lọ (màíkírómítà 1,000 ló wà nínú mìlímítà 1). Ẹ wo àlàfo tó kéré jù lórí rúlà ọmọ ilé-ìwé, ìyẹn mìlímítà 1: sẹ́ẹ̀lì 100 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ ní màíkírómítà 10 lè tò síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Ìbéèrè: Kí ló wá ń dá a dúró? Ṣebí bó bá ṣe ń jẹun ló yẹ kó máa tóbi sí i.

Ìdáhùn: Awọ rẹ̀ ló ń dá a dúró. Sẹ́ẹ̀lì kò ní ẹnu, kò ní ihò imú, kò sì ní ibi tó ń gbà yàgbẹ́. Oúnjẹ tó ń wọlé, ọ́síjìn tó fi ń mí, ìdọ̀tí tó ń jáde, ara awọ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Ẹ rò ó bí ìlú olódi ayé àtijọ́. Ibodè ni oúnjẹ ń gbà wọlé. Bí ará ìlú bá ń pọ̀ sí i ní ìlọ́po mẹ́jọ, tí ibodè pọ̀ sí i ní ìlọ́po mẹ́rin péré, ebi yóò pa àwọn kan bí oko tilẹ̀ kún fún iṣu. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí sẹ́ẹ̀lì tó ń tóbi gan-an nìyẹn.

Ìbéèrè: Báwo ni inú ṣe lè máa yára dàgbà ju awọ lọ? Ṣebí ohun kan náà ni wọ́n.

Ìdáhùn: Ibí ni kókó ọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Ẹ gbé iṣu sórí pákó, kí ẹ gé e ní onígun mẹ́rin bíi kóró ṣúgà, kí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1. Ojú mẹ́fà ló ní: òkè, ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin. Ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1, àpapọ̀ ojú rẹ̀ jẹ́ 6. Inú rẹ̀ jẹ́ 1.

Ẹ gé òmíràn, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2. Ojú kọ̀ọ̀kan ti di 4, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di 24. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti di 8! Ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́ la sọ di ìlọ́po méjì. Ojú di ìlọ́po mẹ́rin, inú di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí ẹ̀gbẹ́ bá di 3, ojú á jẹ́ 54, inú á jẹ́ 27. Bó bá di 10, ojú á jẹ́ 600, inú á jẹ́ 1,000. Nínú ègé àkọ́kọ́, ojú 6 ló ń bọ́ inú kan. Nínú ègé ìkẹyìn, ojú tó ń bọ́ inú kan kò tó ẹyọ kan, 0.6 péré ni.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì ni ojú ń gbà dàgbà, gígùn àti fífẹ̀. Inú ń gba mẹ́ta: gígùn, fífẹ̀ àti jíjìn. Kò sí ọgbọ́n tí sẹ́ẹ̀lì lè dá sí èyí, àfi kó yí ìrísí rẹ̀ padà tàbí kó pín.

Ẹni tó fẹ́ fojú rí i, kó ra ayodínì tí wọ́n ń fi sí ojú egbò. Kó da díẹ̀ sínú omi, kó ju ègé iṣu tútù oní-sẹ̀ǹtímítà 1 àti oní-3 sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá yọ wọ́n, tó ṣàn wọ́n, tó sì là wọ́n láàárín, á rí i pé etí iṣu ti dúdú bí aró, àárín rẹ̀ sì funfun. Ibi tí dúdú wọlé dé dọ́gba nínú àwọn méjèèjì. Ká ní mìlímítà 1 ló wọlé: nǹkan bí ìdajì ègé kékeré ti rí ayodínì, ṣùgbọ́n kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ègé ńlá. Ìyókù ṣì wà nínú ebi. Ìdí kan náà nìyí tí a fi ń gé iṣu àsáró wẹ́wẹ́.

Ìbéèrè: Bí awọ bá ti gba ọ́síjìn wọlé, ṣé kò ti parí?

Ìdáhùn: Kò parí, torí ó ṣì gbọ́dọ̀ dé àárín. Láàárín sẹ́ẹ̀lì kékeré, kò sí ẹni tó ń gbé ọ́síjìn. Ó ń tàn fúnra rẹ̀ ni, bí àwọ̀ sobo tí ẹ kán sínú ife omi tí ẹ kò rò. Ìtànkálẹ̀ bẹ́ẹ̀ yá bí ọ̀nà bá kúrú, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá gùn ní ìlọ́po 10, àkókò á gùn ní ìlọ́po 100. Láti rin màíkírómítà 10 nínú omi, ọ́síjìn kì í lò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan. Mìlímítà 1 á gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Sẹ̀ǹtímítà 1 á gbà á ní nǹkan bíi wákàtí méje. Sẹ́ẹ̀lì tó bá tóbi tó orógbó, àárín rẹ̀ á ti kú kí atẹ́gùn tó débẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹyin ńkọ́? Wọ́n ní pupa ẹyin adìyẹ, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, bí àkùkọ kò bá gun adìyẹ náà, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni pupa ẹyin rẹ̀. Ti ògòǹgò tún tóbi jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fọ́ ẹyin kan sínú àwo, kí ẹ wo ojú pupa rẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí àmì funfun kékeré kan, bí ẹni kán mílíìkì síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà. Gbogbo pupa yòókù, oúnjẹ tí wọ́n dì pamọ́ de ọmọ ni, bí iṣu inú àká. Iṣu inú àká kì í béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bákan náà ni bakitéríà kan tí wọ́n kéde rẹ̀ ní 2022, Thiomargarita magnifica, tí wọ́n rí ní erékùṣù Guadeloupe lórí ewé jíjẹrà àwọn igi tó ń hù nínú omi iyọ̀. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 1, ojú lásán ń rí i, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ bakitéríà kò ju màíkírómítà mélòó kan lọ. Àpò omi ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ sún mọ́ awọ pẹ́kípẹ́kí. Sẹ́ẹ̀lì iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára, tó gba ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀, lè gùn tó mítà 1, àmọ́ ó tín-ín-rín ju irun orí lọ, kò sí ibi kankan nínú rẹ̀ tó jìnnà sí awọ.

Ìbéèrè: Ìyẹn ni pé ìrísí ni àṣírí náà?

Ìdáhùn: Ó wà lára rẹ̀. Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Ó fẹ̀ tó màíkírómítà 8, kò nípọn ju nǹkan bíi 2 lọ, àárín rẹ̀ sì tẹ̀ wọnú lójú méjèèjì, bí ẹni fi àtàǹpàkò àti ìka tẹ pọ́fù-pọ́fù. Bí ẹ bá sọ ohun inú rẹ̀ di róbótó bíi bọ́ọ̀lù, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin awọ rẹ̀ tó máa di àṣẹ́kù. Awọ tí ó ní yìí ló fi ń tètè gba ọ́síjìn lẹ́dọ̀fóró, òun náà ló sì jẹ́ kó lè ká ara rẹ̀ kọjá nínú òpó ẹ̀jẹ̀ tó há jù ú lọ.

Ọ̀nà mìíràn ni kí sẹ́ẹ̀lì pín sí méjì. Ẹ padà sórí pákó: ẹ gé ègé oní-sẹ̀ǹtímítà 2 sí mẹ́jọ. Inú ṣì jẹ́ 8, ojú ti kúrò ní 24, ó di 48.

Ìbéèrè: Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kan odidi ara náà, àbí sẹ́ẹ̀lì nìkan?

Ìdáhùn: Ó kàn án. Inú erin pọ̀, awọ rẹ̀ kò tó o, nítorí náà ooru kì í tètè kúrò lára rẹ̀. Etí ńláńlá tó ń fẹ̀ yẹn, tó fẹ́lẹ́, tí òpó ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀, awọ àfikún tó fi ń tu ara rẹ̀ lára ni. Ti ọmọ ìkókó wá yàtọ̀ pátápátá: awọ rẹ̀ pọ̀ tí a bá fi wé inú rẹ̀, kíá ni ooru ń fi í sílẹ̀. Bí ìyá àgbà bá wá wọ fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ fún un láàárọ̀ ọyẹ́, tí àgbàlagbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò wọ̀ ju síńgílẹ́ẹ̀tì lọ, ẹ má bọ́ ọ kúrò lórí ọmọ.