Àgádágodo Orí Bíráúsà Kì í Ṣe Ẹ̀rí Ìwà

Bí línkì báńkì kan bá já sórí WhatsApp àwọn oníṣòwò Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹnì kan sì ń fura pé ti gbájúẹ̀ ni, kò ní pẹ́ tí ẹlòmíì á fi dáhùn pé: "Ẹ wo òkè. Bí àgádágodo bá ti wà níbẹ̀, kò séwu." Ewu wà o. Ohun tí àgádágodo yẹn, àwòrán kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìkànnì, ń sọ kò ju pé ẹni tó lúgọ sójú ọ̀nà kò lè gbọ́ ohun tí fóònù àti ìkànnì ń bá ara wọn sọ, àti pé ìkànnì náà ló ni orúkọ tó wà lókè. Bó bá jẹ́ gbájúẹ̀ ló ni orúkọ ọ̀hún ńkọ́? Ìwé ẹ̀rí tó ń gbé àmì náà jáde, àjọ kan tó ń jẹ́ Let's Encrypt ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ ló sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìkáwọ́ ẹni tó béèrè ni orúkọ náà wà. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ìwà. Nínú ìwádìí tí Google ṣe ní 2021, ìdá 11 péré nínú 100 ló mọ ohun tí àmì náà ń sọ gan-an. Ní 2023, wọ́n yọ ọ́ kúrò lójú Chrome, bíráúsà Google.

Èyí tó dùn jù ni ti àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí wọ̀nyí. Ta ló ń ṣọ́ wọn? Ní 2011, àwọn olè orí ayélujára já wọ kọ̀ǹpútà DigiNotar, ọ̀kan lára irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Netherlands, wọ́n sì fi ọwọ́ iléeṣẹ́ náà ṣe ìwé ẹ̀rí tó lé ní 500, títí kan ti Google. Ìyẹn ni wọ́n fi ń yọjú wo Gmail àwọn ará Iran, àgádágodo sì wà níbẹ̀ digbí. Oṣù keje ni wọ́n ṣe ìwé Google yẹn. Ìparí oṣù kẹjọ ni ará Iran kan tó sọ ọ́ síta pé Chrome òun ń kìlọ̀. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, DigiNotar ti kógbá sílé.

Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí lẹ́bàá Ṣágámù mọ àrùn yìí. Rìsíìtì tó ń dá wàhálà sílẹ̀ kì í sábà jẹ́ ayédèrú. Olórí ẹbí ló fọwọ́ sí i lóòótọ́, kọ̀rọ̀ ló kàn ti fọwọ́ sí èkejì fún ẹlòmíì. Ká ní rìsíìtì tí wọn kò bá kọ sínú ìwé ńlá kan láàárín ọjà kò níyì rárá, tí ojú ewé kọ̀ọ̀kan sì ń gbé òǹtẹ̀ tí wọ́n fi gbogbo ojú ewé ìṣáájú ṣe, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fi bíró tún lẹ́tà kan ṣe lẹ́yìn ti ba gbogbo òǹtẹ̀ tó kù jẹ́. Ọmọ onílẹ̀ ṣì lè ta ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ rà á á ti gbọ́ kí ẹlòmíì tó já yanrìn síbẹ̀. (Àwọn lọ́ọ̀yà ni kò ní fẹ́ òfin yẹn.)

Irú ìwé ńlá bẹ́ẹ̀ wà fún ìwé ẹ̀rí ìkànnì, Certificate Transparency ni wọ́n ń pè é. Ben Laurie àti Adam Langley ti Google wà lára àwọn tó kọ ìlànà rẹ̀ jáde ní 2013, Chrome sì ti ń kọ̀ láti gba ìwé ẹ̀rí tuntun tí kò bá sí nínú rẹ̀ láti ìparí oṣù kẹrin 2018. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó ṣe dáadáa. Kódà gbájúẹ̀ tó fẹ́ gba àgádágodo gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ìkànnì rẹ̀ síbẹ̀, àwọn olùwádìí sì ń dẹ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kí línkì tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Àbùkù rẹ̀ ò sì kéré. Orúkọ ìkànnì tí ẹ ṣì ń kọ́ lábẹ́lẹ̀ á hàn síta, ẹ̀rọ àwọn olè a sì máa wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Báńkì ńlá ní ẹ̀rọ tó ń ka ìwé náà tọ̀sán-tòru. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kékeré kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tó gbé ìkànnì rẹ̀ fún ọmọ àdúgbò kan kọ́, kò ní ẹni tó ń bá a kà á. Kíkà náà kò sì gba owó: ẹ tẹ orúkọ ìkànnì yín sí ìkànnì tó ń jẹ́ crt.sh, gbogbo ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún un á tò síta, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti iléeṣẹ́ tó fọwọ́ sí i.