Ìyá tó dúró lẹ́bàá àgbélébùú

Nílẹ̀ Ọ̀yọ́, ìyá kì í tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀ dé ibojì. Wọ́n á dì í mú sínú yàrá, wọ́n á lọ sin ọmọ náà láìjẹ́ kó mọ ojú ibẹ̀. Nígbà tí ọ̀fọ̀ ṣẹ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, àwọn ìyá ìjọ wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n ń ka róṣárì, àdúrà Màríà tí a máa ń fi ìlẹ̀kẹ̀ kà. Ẹnì kan fi ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sí i lọ́wọ́. Kò lè là ẹnu. Ó kàn di ẹyọ kan mú láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá títí wọ́n fi parí. Ìgbà tí wọ́n ń dìde, tí wọ́n ń kí i kú ìrọ́jú, ló tó sọ̀rọ̀: "Màríà ní tiẹ̀ dúró. Ó fojú ara rẹ̀ rí i."

Ibẹ̀ gan-an ni ìfọkànsìn sí Màríà Oníbànújẹ́ ti ṣẹ̀. Jòhánù ló kọ ọ́ pé ìyá Jésù dúró lẹ́bàá àgbélébùú. Ṣáájú ìgbà náà, nínú tẹ́ḿpìlì, Síméónì ti sọ fún un pé idà yóò gún òun náà ní ọkàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ayàwòrán fi máa ń ya idà sí i láyà, nígbà mìíràn méje, nítorí ìbànújẹ́ méje ni Ìjọ ń kà fún un. Ọ̀kan nínú wọn ni ọjọ́ mẹ́ta tó fi ń wá Jésù kiri Jerúsálẹ́mù. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti sọnù rí lọ́jà Akẹ̀sán kò nílò àlàyé lórí ìyẹn.

Kì í ṣe Róòmù, ibùjókòó Póòpù, ló kọ́kọ́ dá ìfọkànsìn yìí sílẹ̀. Ní 1233, ọkùnrin méje ní Florence, ní Ítálì, fi òwò sílẹ̀, wọ́n para pọ̀ di ẹgbẹ́ Ìránṣẹ́ Màríà, ẹgbẹ́ yìí ló sì wá tan àṣàrò lórí ìbànújẹ́ rẹ̀ kálẹ̀. Ní 1423, ìpàdé ìjọ ní Cologne, ní Jámánì, ya àjọ̀dún sọ́tọ̀ fún ìbànújẹ́ náà, nítorí pé àwọn kan ń fọ́ ère Kristi àti ti ìyá rẹ̀ nígbà náà. Póòpù Pius Keje ló mú àjọ̀dún ti oṣù kẹsàn-án dé gbogbo Ìjọ ní 1814. Ẹni tí Napoleon, olú ọba Faransé, mú nígbèkùn fún bí ọdún márùn-ún ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà délé ni. Mo gbà pé ó mọ ohun tó ń ṣe. Ní 1913 ni Pius Kẹwàá fi í sí ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ kejì àjọ̀dún Àgbélébùú Mímọ́.

Ní tiwa, 1949 ni Róòmù yọ ìjọ Àgùdà Ọ̀yọ́ kúrò lábẹ́ ti Èkó, ó di dáyósíìsì, ìyẹn agbègbè tó ní bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ní 1963, Owen McCoy sì ni bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Màríà tí a gbà sókè ọ̀run ni wọ́n fi sọ kàtídírà wa lórúkọ. Àwọn aládùúgbò máa ń bi àwa Àgùdà pé ṣé Màríà là ń bọ. Rárá o. À ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbàdúrà fún wa, "nísinsìnyí àti ní àkókò ikú wa." Àdúrà náà kò sì gba ìbànújẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ó ṣì ń sunkún. Àmọ́ kò dá sunkún mọ́.

Ìlẹ̀kẹ̀ ọjọ́ yẹn ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ẹni tó ni ín kò béèrè rẹ̀ rí.