Oògùn Jẹjẹrẹ Tí Ìmọ́lẹ̀ Ń Jí: Kí Ni Pọ́límà Ń Ṣe Níbẹ̀?

Irú oògùn jẹjẹrẹ kan wà tó jẹ́ pé nínú òkùnkùn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè pa nǹkan kan. Ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án ló ń gba agbára, tí yóò sì ti agbára náà sára ọ́síjìn tó wà nítòsí. Ọ́síjìn yìí gan-an ló ń pààyàn... àbí ká ní ló ń pa sẹ́ẹ̀lì: ohun tó bá fara kàn ló ń bà jẹ́. Àmọ́ ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn. Kì í sábà rìn kọjá nǹkan bíi 100 nánómítà kó tó tán, bẹ́ẹ̀ sì rèé, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo fẹ̀ ju ìyẹn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 100. Nítorí náà, ibi tí oògùn bá jókòó sí nìkan ló lè jà.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní 1900, Oscar Raab, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Munich, rí i pé aró kan ń pa àwọn ẹ̀dá tíńtín inú omi níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ní 1995 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Photofrin, ọ̀kan lára irú oògùn yìí, fún jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Wọ́n á gún aláìsàn lábẹ́rẹ́, wọ́n á dúró fún wákàtí 40 sí 50, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ki okùn tín-ín-rín tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa láti ara lésà wọ ọ̀fun. Wàhálà ibẹ̀ ni pé oògùn náà ń sá pamọ́ sí awọ ara. Ó kéré tán, fún 30 ọjọ́, aláìsàn gbọ́dọ̀ máa sá fún oòrùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, awọ rẹ̀ á jó. Ìpara adènà oòrùn kò sì lè gbà á, torí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí ló ń jí oògùn náà.

Ohun tó mú kí wọ́n ronú kan pọ́límà nìyẹn. Pọ́límà jẹ́ mólékù gígùn, ẹyọ kéékèèké tí a so pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ orí okùn. Èyí tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jindřich Kopeček àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ìlú Prague, tí wọ́n ń pè ní HPMA, ń yòrò nínú omi, ara kì í sì í bá a jà. Amino acid mẹ́rin, ìyẹn ẹyọ kéékèèké tí a fi ń kọ́ purotéènì, ni wọ́n fi ń so oògùn mọ́ ọn. Nínú ẹ̀jẹ̀, ìdè yẹn kì í já. Àmọ́ bí sẹ́ẹ̀lì bá gbé pọ́límà mì, tó bọ́ sínú àpò tí sẹ́ẹ̀lì ti ń lọ nǹkan kúná, ẹ́ńsáìmù kan (purotéènì tó ń gé nǹkan) tó ń jẹ́ cathepsin B á gé ìdè náà.

Àǹfààní kan tún wà tí kò hàn lójú. Bí oògùn bá fún mọ́ra lórí pọ́límà kan, ńṣe ni wọ́n ń gba agbára ìmọ́lẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, agbára náà á sì ṣòfò di ooru. Ìgbà tí wọ́n bá já kúrò lára pọ́límà tán ni ìmọ́lẹ̀ tó lè jí wọn dáadáa.

Kí ló ń darí pọ́límà sí ibi tí jẹjẹrẹ wà? Ní 1986, àwọn olùwádìí méjì, Matsumura àti Maeda, ní Japan ṣàlàyé pé iṣan ẹ̀jẹ̀ inú kókó jẹjẹrẹ máa ń jò, ọ̀nà tí omi ara ń gbà jáde níbẹ̀ kò sì dáa. Mólékù ńlá á jò wọlé, kò ní tètè rí ọ̀nà jáde. Ìwọ̀n rẹ̀ gba ọgbọ́n o: bó bá kéré jù, kíndìnrín á fi ránṣẹ́ sínú ìtọ̀, bó bá tóbi jù tí kò sì lè fọ́, á há sínú ara.

Nínú eku, ètò yìí ń dùn ún wò. Àmọ́ kókó jẹjẹrẹ ara èèyàn kì í jò tó bẹ́ẹ̀, ó sì yàtọ̀ láti ara aláìsàn kan sí òmíràn. Pọ́límà kò sì lè ṣe nǹkan kan sí ti ìmọ́lẹ̀: ìmọ́lẹ̀ pupa kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú ẹran ara kọjá sẹ̀ǹtímítà kan. Ọ́síjìn náà ń tán. Bí ìmọ́lẹ̀ bá mú jù, iṣẹ́ oògùn á jẹ ọ́síjìn kókó náà tán kí ẹ̀jẹ̀ tó gbé òmíràn dé, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń tàn án, tí wọ́n á pa á fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó tún un tàn.